Ẹja Tí Mo Gbà Lẹ́nu Ìyá Mi

Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, ìyá mi wá bá wa ní Eneka, ní Port Harcourt, láti bá mi wẹ ọmọ. Ẹja tútù ni oúnjẹ wọn. Wọ́n á fa orí ẹja mu títí á fi gbẹ, ojú á máa ti èmi fún wọn.

Lọ́dún yẹn, èéfín dúdú bo gbogbo Port Harcourt. Tí a bá fi ìka nu fèrèsé, ìka á dúdú. Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì tó dànù sódò wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Èmi òṣìṣẹ́ báńkì, ọ̀mọ̀ràn gbogbo nǹkan, mo pàṣẹ: “Màámi, ẹ má jẹ ẹja ibí mọ́ o. Epo ti bà á jẹ́.”

Wọ́n gbà. Gàrí ni wọ́n wá dì mú láàárọ̀ lálẹ́, gàrí aládùúgbò wa tó ń rin ẹ̀gẹ́, tó sì ń yan án lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ kó kan. Omi òjò ni wọ́n fi ń mu ún, torí wọ́n ní nílùú wa, kò sómi tó mọ́ tó o. Òjò tó gba inú èéfín kọjá yẹn náà ni! Inú ń kùn wọ́n, wọ́n ní atẹ́gùn ni.

Nígbà tó yá, ọrùn wọn ń kún. Àwọn Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kí wọn: “Màmá, ìlú yìí mà bá yín lára mu o!” Èmi náà ń yangàn. Gẹ̀gẹ̀ ló ń yọ.

Ìgbà tí òkèlè bẹ̀rẹ̀ sí há wọn lọ́fun ni mo tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kan ní Woji. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ bà mí débi pé mi ò lè jẹun. Lẹ́yìn àyẹ̀wò àti ìbéèrè nípa ohun tí wọ́n ń jẹ, dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, oògùn wà fún un. Ó ní òun ò lè di ẹ̀bi ru ohun kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn nílò èròjà áyódìn tó pọ̀ nínú ẹja òkun, gàrí tí ò kan sì máa ń dí èròjà náà lọ́wọ́. Omi òjò náà ò ní èròjà yẹn, ká dá a nù.

Ó wá kọjú sí wọn: “Mama, who tell you say make you no chop fish?”

Ìyá mi ò wò mí rárá.

“Na me no like am,” wọ́n dáhùn.

Mo jókòó síbẹ̀ bí olè. Inú mọ́tò ni mo ti bú sẹ́kún. “Màámi, èmi mà ni mo sọ fún yín.”

“Mo mọ̀,” wọ́n ní. “Ṣé iwájú àlejò ni kí n ti wá fẹjọ́ ọmọ mi sùn?”