Nọ́ńbà Tí Mẹ́sàn-án Pín Láìṣẹ́kù

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń tọ́jú yàrá oògùn nílé ìwòsàn àdúgbò wa, ọdún kejìlélógún rèé. Pẹpẹ irin mẹ́fà, fèrèsé kan ṣoṣo, òun àti bírò pupa rẹ̀. "Bàbá Mẹ́sàn-án" là ń pè é. Kò bínú sí i rí, àfi bí ẹni jẹ oyè.

Nọ́ńbà gbọọrọ tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí oògùn kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Bí ẹ bá ro ẹyọ inú rẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mẹ́sàn-án bá pín àròpọ̀ yẹn láìṣẹ́kù, á pín odidi nọ́ńbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo wọn, kí àṣìkọ lè tètè hàn. Ẹ̀gbọ́n mi gba èyí gbọ́ ju bó ṣe gba ìyàwó rẹ̀ gbọ́ lọ. Ìyàwó ọ̀hún ló fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Á ní, "Àbúrò, èèyàn lè parọ́. Mẹ́sàn-án kì í parọ́."

Èmi á ní, "Ẹ rọra o, Ẹ̀gbọ́n. A kì í gbọ́n tó ẹni tó máa tan ni jẹ."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn tẹ̀ ẹ́ láago. Oògùn ibà àwọn ọmọdé kan ti ní májèlé nínú. Wọ́n ní kó kó gbogbo páálí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 70352685 kúrò nílẹ̀ kíákíá. Ó ń kánjú, ó kọ ọ́ sílẹ̀: 70325685. Ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin, ó gún régé! Páálí méjì sì wà lórí pẹpẹ tó ní nọ́ńbà tó kọ yẹn gan-an. Ó tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ní kí wọ́n tún un kà fún òun. Kí ni wọ́n fẹ́ tún un kà fún, nígbà tí mẹ́sàn-án ti jẹ́rìí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ara ọmọbìnrin mi gbóná. Ọmọ oṣù mọ́kànlá, òun nìkan ni mo bí. Dókítà kọ oògùn ibà, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló sì gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Má fòyà, èyí tí kò dáa ti wà lẹ́wọ̀n." A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà ilé iṣẹ́ náà dé. Ẹ̀gbọ́n mi ro nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀: mẹ́rìndínlógójì. Ó ro ti inú ìwé tirẹ̀: mẹ́rìndínlógójì. Ìgbà tó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló tó rí i pé márùn-ún àti méjì ti gbapò ara wọn. Ṣé ẹ rí i, bí èèyàn da àwọn ẹyọ yẹn rú bí àgbàdo inú igbá, àròpọ̀ wọn ò ní yí padà, mẹ́sàn-án á ṣì pín in. Ọdún méjìlélógún, kò ro ìyẹn wò lẹ́ẹ̀kan! Ọgbọ́n burúkú!

Ó pè mí lórí fóònù. "Àbúrò, ṣíbí mélòó lo ti fún un?"

Mo ní, "Mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun o, ó ti ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ ti tutù, ó ti ń sùn láti àárọ̀."

Ó kígbe pé, "Lọ jí i! Jí i báyìí!" Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré wọ yàrá, mo pe ọmọ mi, mo gbọ̀n ọ́n, mo tún gbọ̀n ọ́n. Kò jí.