Pòpórò Ọkà Tí Mo Fi Wọn Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹta tí mo ti Sàró dé ni mo mọ̀ pé ìyá mi kì í sùn dáadáa. Ìbàdí ọ̀tún ń ro wọ́n, ẹní kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ìbàdí náà àti ilẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á di ògiri mú kí wọ́n tó lè nàró. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ dọ́gba fún gbogbo ènìyàn, ara ni kò dọ́gba."

Èmi tí mo gbọ́ Látìnì, tí mo lè sọ ohun tí àwọn ará Róòmù ń jẹ lálẹ́, n kò mọ ohun tí ìyá mi ń sùn lé ní abúlé wa lọ́nà Lálúpọn. Ojú tì mí. Mo pinnu pé màá ṣe tìmùtìmù gígùn fún wọn, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń sùn lé.

Káfíńtà kan wà ní Ìbàdàn, òun náà ti Sàró dé, bàtà ló máa ń wọ̀ lọ sóko. Ó ní ibùsùn gbọ́dọ̀ bá ara ẹni mu: ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí tirẹ̀ rọ̀, ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀, kí tirẹ̀ le díẹ̀. Mo bi í pé irú èwo ni òun ń sùn lé. Ó ní ẹní ni. Ó ní kí n lọ wọn ìyá mi wá, láti àtàrí dé gìgísẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á kọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí oorun gbé wọn díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gé pòpórò ọkà kan tó tọ́, mo yọ́ wọlé, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fi èékánná sàmì síbi àtàrí. Mo sàmì síbi gìgísẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti là.

Wọ́n wo pòpórò, wọ́n wò mí. Ohùn wọn kéré gan-an.

"Ṣé mo ti kú ni?"

Aya ẹ̀gbọ́n mi, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, yọjú wò wá. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Ọkọ mi Akọ̀wé, ẹ ń wọ̀n wọ́n?"

Mo wá rántí ohun tí ọdún méje ìwé ti gbá kúrò lórí mi: ní ilé wa, òkú nìkan ni a ń wọ̀n nílẹ̀. Pòpórò ọkà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, kí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ dé. Ìyá tó bí mi ni mo wọ̀n fún sàréè, wọn ò tíì jẹun ọ̀sán.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ tìmùtìmù, mo sọ̀rọ̀ ìbàdí, mo tilẹ̀ mẹ́nu kan àwọn ará Róòmù; ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Ìyá mi ká ẹní wọn, wọ́n gbé e lérí, wọ́n forí lé ilé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní abúlé kejì. Wọ́n ní àwọn ò lè sùn mọ́ nínú ilé tí wọ́n ti wọn àwọn.

Ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá kú sọ́hùn-ún, èmi ni mo pa wọ́n, gbogbo abúlé ló sì mọ ohun tí mo fi pa wọ́n.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò ní kí n dìde.

"Fẹ̀yìn lélẹ̀."

"Bàbá?"

"Mo ní kí o nà gbalaja. Ẹni tó wọn alààyè, a óò wọn òun náà, kí ikú má mọ ẹni tí wọ́n ń pè."

Bàbá na pòpórò tuntun sí ìyá mi. Èmi tí bíṣọ́ọ̀bù bọ̀ lọ́wọ́, mo nà sínú eruku láàárín ewúrẹ́. Àwọn aya ilé tò yí mi ká.

"Ẹ rọra o, ẹ̀wù òyìnbó ni!"

"Ẹ wọn imú wọn náà, òun ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀."

Nígbà tí pòpórò kan àyà mi, ara mi bu gìrì. Ilẹ̀ tutù. Òkúta kékeré kan gún mi níbàdí, n kò sì gbọdọ̀ mira. Ìgbà náà ni mo mọ irú òru tí ìyá mi ń lò.

"Ó gùn jù mí lọ," ni ìyá mi wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn. Wọ́n ṣẹ́ pòpórò náà, wọ́n jù ú síná.

Níbi tí mo nà sí ni mo ti bi wọ́n ní ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi wọ́n. "Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ máa sùn lé?"

Wọn ò ronú rárá. "Háhá àgbàdo ni kí o kó sábẹ́ ẹní mi, lápá ọ̀tún nìkan. Apá òsì ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ tí o ti dé, ṣùgbọ́n o kì í dákẹ́."

Wọ́n bá mi padà sílé. Mo ṣa háhá àgbàdo títí ọwọ́ mi fi yún. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti gun òrùlé, ìyá mi ò tíì jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, n kò láyà láti wọlé lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n sùn sí. Ìgbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń hanrun ni mo tó lè jókòó.