Họ́ọ̀nù Tírélà Lára Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Ọjọ́ tí àwọn mẹkáníìkì tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut gbé kẹ̀kẹ́ wá fún bàbá mi ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Sójà ni bàbá mi. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n gbé ti ojú ogun dé, wọn kì í sì í jáde mọ́.

Àwọn mẹkáníìkì náà jó irin pọ̀ di kẹ̀kẹ́ àfọwọ́wà, wọ́n sì fi họ́ọ̀nù tírélà sí i.

“Bàbá Sójà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò,” ni ọ̀gá wọn wí.

Bàbá mi tẹ̀ ẹ́. Páàà! Lánlọ́ọ̀dù wa fò sínú gọ́tà.

“Yéè! Ta ló gbé tírélà wọlé?”

Àyà mi já pé lánlọ́ọ̀dù máa lé wa jáde, ṣùgbọ́n àwọn àti bàbá mi bú sẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn púpọ̀. Nísinsìnyí, tí oúnjẹ bá jinná, ìró họ́ọ̀nù ni ìyá mi fi ń wá bàbá mi kiri Ajégúnlẹ̀.