Àwọ̀ Ewé tó Wà nínú Koríko Òkun

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aláró, ní Ayétòrò. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ni Màmá wa fẹ́ fi ìdí aró rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ìgbà yẹn ni mo gbé koríko òkun dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tábà. Mo ní àwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀, omi gbígbóná ni yóò yọ ọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín níwájú gbogbo agbo ilé.

"Akọ̀wé! Ta ló ti rí aṣọ tó ti di tábà tó tún padà di ewé? Màmá, bí ẹ bá fún eléyìí ní aró, gírámà ni yóò fi pa á."

Kí n tó dáná, ó ní òun ti da koríko náà nù. Màmá sì gbà pé irọ́ ni mo pa. Nílé wa, òpùrọ́ kì í ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró, kí aró má baà bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jogún. Èmi lọ ń kọ́ni ní Ìlaròó.

Mo yin koríko yẹn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Èròjà aláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní fukosántíìnì ló ń fún un ní àwọ̀ tábà. Ìmọ́lẹ̀ pupa kì í jìnnà wọ inú òkun. Ti búlúù àti ti ewé ló ń dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn gan-an ni fukosántíìnì ń gbà, tí koríko náà fi ń rí oúnjẹ ṣe níbi tí ewé ilẹ̀ kò ti lè rọ́nà. Kò sì gba ogún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, aṣọ funfun tí ẹ̀gbọ́n mi ń rà ní ìhà Benin kò wọlé mọ́. Ìkòkò rẹ̀ gbẹ, ó jókòó lásán. Mo rán ọlọ́kadà kan sí etíkun Badagry kó lọ bá mi kó koríko òkun wá. Kọ́sítọ́ọ̀mù tú àpò rẹ̀ dé ìdí, wọ́n ń wá ìrẹsì.

"Kí lo fẹ́ fi pàǹtí yìí ṣe?"

"Ọ̀gá, ẹ bi màmá tíṣà tó rán mi."

Mo gbé ìkòkò omi gbígbóná síwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo ki koríko náà bọ̀ ọ́. Ooru tú fukosántíìnì kúrò lára ohun tó dì í mú. Àwọ̀ tábà ṣí, ewé yọ, ó ń dán bí àgbàdo lẹ́yìn òjò. Mo ti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìmọye ìgbà. Síbẹ̀ ẹnu tún yà mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni òpùrọ́?"

Kò wo ìkòkò. Èmi ló ń wò.

"Àbúrò mi, mi ò dà á nù lọ́jọ́ náà. Mo sè é lẹ́yìn ilé, mo rí i. Ká ní Màmá náà rí i ni, ìwọ ni ì bá gbé aró fún."