Elétí-Ehoro Lọ Ra Ọkọ̀ Tí Kì Í Pariwo

Tẹ́nì kan bá fẹ́ ra ọkọ̀ nígboro yẹn láìmú Elétí-Ehoro dání, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ ni. Mẹkáníìkì ni bàbá yìí, ọdún mẹ́rìndínlógójì ló ti fi ń tún ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Etí ni. Á ní kí wọ́n sítáàtì ọkọ̀, kí gbogbo èèyàn panu mọ́. Á gbé ẹnu sukurudiráífà gígùn kan lé ẹ́ńjìnì, á fi ìdí rẹ̀ ti etí òsì, á wá dijú. Tó bá ṣe díẹ̀, á lajú, á ní, "Fáàfù kẹta ń kan." Láti ibẹ̀ ni owó ọkọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, tí wọ́n bá sì ti rí sukurudiráífà yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, ojú wọn á fà ro.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé etí òsì ọ̀hún ti kú. Kò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń hó bí omi orí iná, ó wá ń kùn bí ẹ̀fọn, nígbà tó yá, ẹ̀fọn náà bá tirẹ̀ lọ. Ti ọ̀tún ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó bá wà nítòsí, àmọ́ kò mọ ohùn fáàfù yàtọ̀ sí ti bẹ́líìtì mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tó jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ló ń fi ṣiṣẹ́. Á gbé ọwọ́ kan lé ẹ́ńjìnì, á fi bó ṣe ń gbọ̀n mọ ohun tó ń ṣe é, sukurudiráífà á sì wà létí fún àṣehàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Orúkọ wo ni wọ́n máa wá pe Elétí-Ehoro tí kò gbọ́ràn? Ẹ̀rù ń bà á gan-an, ká má parọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun. Agbẹ̀bí ni, ojúlé dé ojúlé ló máa ń lọ wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ sì ń mu epo lámujù. Ọkọ̀ tó wù ú ni háíbríìdì, èyí tó ń lo epo tó tún ń lo bátìrì. Ó ti ń tọ́jú owó rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. "Bàbá wa," ló wí, "ẹ̀yin lẹ máa bá mi ná an o. Ta ni mo tún ní tó lẹ́tí bíi tiyín?"

Kí ni ọkùnrin ọ̀hún ì bá sọ? Ó ní kò burú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, wọ́n wọ ilé ìtajà ọkọ̀ onígíláàsì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé Elétí-Ehoro ń rí ìsàlẹ̀ bàtà ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń rìn lápá ọ̀tún rẹ̀, ó gbé báàgì há abíyá. Obìnrin tó ń ta ọkọ̀ níbẹ̀ fi bírò há irun, ó sì kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọkọ̀ náà rèé, aláwọ̀ eérú, wọ́n lẹ bébà mọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀, wọ́n kọ iye rẹ̀ gàdàgbà gadagba. Ìyàwó wo bébà náà, ó mí kanlẹ̀.

Elétí-Ehoro yọ sukurudiráífà jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni obìnrin náà wí, "kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?"

"Etí mi nìyẹn. Ẹ sítáàtì ẹ̀."

Obìnrin náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un, ó lọ jókòó sí àyè awakọ̀ lápá òsì, ó sì tẹ bọ́tìnnì kan. Iná tàn yòò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ó ti wà ní títàn, bàbá."

Elétí-Ehoro fi sukurudiráífà tetí, ó dijú. Kò gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn ò sì yà á lẹ́nu. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnì bó ti ń ṣe. Ẹ́ńjìnì náà tutù, ó dúró jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n rárá. Ẹnu ni wọ́n fi ń ròyìn irú ọkọ̀ yìí fún un, ẹyọ kan ò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Ṣé ọwọ́ náà ti fẹ́ tẹ̀ lé etí lọ ni? Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe ju èyí tó ti ń ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlógójì lọ. Ó lajú, ó mirí bíi dókítà.

"Fáàfù ẹ̀ ń kan," ló wí. "Kò tíì le, àmọ́ ó ń kan. Owó yẹn máa wálẹ̀."

Obìnrin náà wò ó, ó wo ìyàwó, ó tún wò ó. "Ẹ má bínú o, bàbá. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò tíì ṣiṣẹ́ rárá. Bátìrì ló ṣì ń lò. Tó bá wà lójú kan báyìí, ńṣe ni ẹ́ńjìnì ẹ̀ máa ń sùn."

Ọkùnrin kan tó ń wo ọkọ̀ mìíràn nítòsí yíjú padà. Ojú ti Elétí-Ehoro débi pé ó ń wá ibi tó máa fi sukurudiráífà sí, àpò tó ti yọ ọ́ gan-an sì sọnù mọ́ ọn lára.

"Nǹkan ń kan lóòótọ́ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó na ìka sí bébà ojú gíláàsì. "Iye tí wọ́n kọ síbí yìí ni. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ọ, àyà mi ló ń kàn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí bírò fi já bọ́ lórí rẹ̀. "Màmá, ẹ ò ní pa mí! Ẹ jẹ́ ká jókòó."

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Ìyàwó sún àga tirẹ̀ sápá ọ̀tún ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò."

"Háà, màmá! Iye tí iléeṣẹ́ fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn. Mo lè fi kápẹ́ẹ̀tì sí i, ká sì máa bá yín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fọ́dún méjì."

"Àtúnṣe ọ̀fẹ́? Ẹ wo ẹni tó jókòó tì mí yìí. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ ni mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ wọn." Elétí-Ehoro ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì yín, ẹ gbé àtúnṣe yín. Ẹ ṣírò iye tí wọ́n máa ná yín, kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó."

"Màmá, kò ṣeé ṣe."

Ìyàwó gbọ́wọ́ lé itan, ó dákẹ́. Bó ṣe máa ń jókòó ti aboyún tó ń rọbí nìyẹn: kì í kánjú, kì í pariwo, ó mọ̀ pé ohun tó máa jáde á jáde. Obìnrin tó ń ta ọkọ̀ gbé bírò, ó gbé e kalẹ̀, ó tún bébà tò. Ó sọ pé ọ̀gá òun ò ní gbà. Ìyàwó mi orí, ó ṣì ń wò ó tàánútàánú. Nígbà tí ara obìnrin náà ò gbà á mọ́, ó dìde lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó padà wá, ó kọ iye tuntun sílẹ̀. Kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá, àmọ́ ó kù díẹ̀ kó pé.

"Ọlọ́run á fún yín lọ́mọ tó dáa," ni agbẹ̀bí wí, ó sì fọwọ́ síwèé.

Elétí-Ehoro dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níta, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn ibi ìjókòó èrò fún ara rẹ̀. Ìyàwó bá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ ẹ mà ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ìwọ ni kó o wà á délé."

"Ẹ̀yin lẹ máa wà á."

"Kí ló dé?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà á, etí òsì yín ni màá máa bá sọ̀rọ̀ títí a ó fi délé."

Elétí-Ehoro di kọ́kọ́rọ́ náà mú. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ìgbà tí mo ti ń rìn lápá ọ̀tún yín ńkọ́?"

Ó ronú sẹ́yìn: òpópónà, àga ilé oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí ìyàwó rẹ̀ ní kí àwọn jọ pààrọ̀ lọ́dún tó kọjá torí pé atẹ́gùn fèrèsé ń dà á láàmú. Omijé lé sí i lójú. Ó jókòó sí àyè awakọ̀, ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ọ̀tún, wọ́n sì rọra jáde lọ. Bí wọ́n ṣe kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìgòkè àkọ́kọ́, nǹkan kan gbọ̀n rìrì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára sítíárìn.

"Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti jí," ni ìyàwó wí. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Ó fẹ́ sọ pé òun gbọ́ ọ, bó ti ń sọ láti ọdún kan.

"Mi ò gbọ́," ló wí. "Báwo ló ṣe ń dún?"

Ìyàwó fetí sílẹ̀ díẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.