Díìsì Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí fóònù yín ṣe tóbi tó, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Ẹ lọ bá Ìyá Díìsì nínú yàrá kótópó tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi òwú ya àmì sára aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹ sọ iye gìgábáìtì tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà á di ojú díẹ̀, á sì sọ iye díìsì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ tí yóò gbà á.

"Ìyá Díìsì, gìgábáìtì méjìlélọ́gbọ̀n ni tèmi o!" ni akọ̀wé ọ́fíìsì ké láti orí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún díìsì, ó lé ọ̀ọ́dúnrún àti méjì. Lọ wá ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò bá ọ kó o."

Akọ̀wé fi ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ṣe tirẹ̀, ó ní gìgábáìtì kan ò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin díìsì lọ, ó tiẹ̀ dín márùn-ún. Ìyá Díìsì pòṣé. "Ohun tí wọ́n kọ sára díìsì lo gbà gbọ́. Kílóbáìtì egbèje ó lé ogójì ló ń gbà. Mẹ́gábáìtì kan kì í sì í ṣe ẹgbẹ̀rún kílóbáìtì péré, ó fi mẹ́rìnlélógún lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìgábáìtì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Tún un ṣe."

Ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àmì ní gbọ̀ngàn ju akọ̀wé yìí lọ́jọ́ orí, díìsì nìkan ló sì ń gbà lẹ́nu. Àmì yòówù kí oníbàárà mú wá, Ìyá Díìsì ló gbọ́dọ̀ gé e sí ìwọ̀n tí díìsì lè gbà, kó gbé e lọ kì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, kó sì dúró tì í títí yóò fi kà á tán. "Bí Ìyá Díìsì bá sín, iṣẹ́ dúró," ni wọ́n máa ń sọ. Orí rẹ̀ a máa wú nígbà kan. Ní báyìí, bí wọ́n bá sọ ọ́, àyà rẹ̀ á já.

Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ há ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, oṣù méjì lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ọ̀gá gbé àpótí kékeré kan lé e lọ́wọ́ pé kó dán an wò. Ẹnjiníà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló mú un wá: wọ́n á yọ ibi tí díìsì ń wọ̀, wọ́n á fi àpótí yìí dípò, ẹnikẹ́ni á sì lè máa ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Ó dán an wò ní ọjọ́ Sátidé tí gbọ̀ngàn ṣófo. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Fláàṣì kan ṣoṣo, tí kò gùn tó ìka, gba iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún díìsì. Ìyá Díìsì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lè ṣe é, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òun ṣe? Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sọ fún ọ̀gá pé àpótí náà ò bá ẹ̀rọ yìí mu. Ọ̀gá ní kò burú. Ìyá Díìsì tì í sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó kó òwú lé e lórí.

Láti ìgbà náà, kò lè kúrò lójú kan. Bí kò bá wá sẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ méjì péré, wọ́n á pe ẹnjiníà. Bí ẹnjiníà bá sì dé, àṣírí tú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní ìlú mìíràn, bí àkọ́bí, ó ní ọ̀gá ò fún òun láyè. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún kan, ọ̀gá ò gbà. Ọ̀gá yìí, ká sọ tòótọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ òun di ìkà ní ìlú tí òun ò dé rí.

Wọ́n fi fídíò ọmọ náà ránṣẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ rìn. Àádọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì ni. Ìyá Díìsì ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ṣírò rẹ̀: díìsì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta géérégé. Méjìdínlọ́gọ́ta tó ṣì dára ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó tìtorí rẹ̀ há síbẹ̀ ò lè gba ìrìn ọmọ kan láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àga. Ó sunkún lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, ọmọ rẹ̀ pè é lọ́sàn-án.

"Màámi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá bímọ. Ẹ ò wá nígbà tí mo bí àkọ́bí. Tí ẹ ò bá wá lẹ́ẹ̀kejì yìí, mi ò ní bẹ̀ yín mọ́."

Ìyá Díìsì ní òun á bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó wo ògiri ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó kó òwú kúrò, ó mú àpótí náà, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa fún yín. Ó ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e fún mi ló ti ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá wo àpótí náà. Ó fa dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Irú rẹ̀ kan náà wà níbẹ̀.

"Ẹnjiníà fi èyí dán ẹ̀rọ wò ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sílé, ó sì ṣiṣẹ́. Mo ní ọkọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, kí n má yọ yín lẹ́nu. Nígbà tó yá, mo rò pé iṣẹ́ yẹn wù yín bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò tọrọ àyè ọjọ́ kan rí, Mama."

Òótọ́ ni. Ó wá a nínú ọdún mẹ́fà, kò rí ọjọ́ kan tó tọrọ.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó ṣèèṣì tẹ ibi tí gbogbo ilé fi ń gbọ́.

"Màámi, ẹ ti bá a sọ̀rọ̀? Kí ni ìkà yẹn wí?"

Ọ̀gá sún mọ́ tábìlì. "Má bínú, ọmọ mi," ó ní. "Èmi ni mo dá wọn dúró. Wọ́n ń bọ̀ lọ́la."

Ẹ wo ọkùnrin tó tún fẹ́ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un. Ó dùn mọ́ Ìyá Díìsì, ó sì bà á lẹ́rù.

"Rárá o," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró. Mi ò tọrọ àyè rí. Èmi ni mi ò wá."

Ó wo fóònù bóyá ó ti já. Kò já, àkókò ń kà lọ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọmọdé láti ọ̀nà jíjìn.

"Ṣé Màmá inú fóònù ni?"

"Òun ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ó sì pa fóònù.