Wèrè Ti Dé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Agric ní Ìkòròdú, bí ẹ bá gbọ́ igbe ọmọ nílé wa láàárọ̀ Sátidé, Látìn ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bàbá mi fẹ́ di fádà rí. Ó kàwé fádà títí, àfi bó ṣe pàdé ọmọ ẹlẹ́ja kan láti Ẹ̀pẹ́. Fádà kò ṣeé ṣe mọ́. Àwa ọmọ la wá di ìjọ rẹ̀.

Bí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ṣe ń ṣe bojúbojú, èmi ń ka ver. Ìgbà tí igi ń yọ ewé tuntun nìyẹn, àwọn ará Róòmù àtijọ́ sì ń pè é ní "wéè". Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ náà dàgbà ju Róòmù lọ, pé àwọn Gíríìkì náà ní ìbátan rẹ̀. Àwa Yorùbá a kàn fi "ní" síwájú ọ̀rọ̀, ó parí. Ti Látìn, ìrù ọ̀rọ̀ ló ń yí. Bó bá ti di "ní ìgbà náà", vere ni, wọn a pè é ní "wèrè". Ẹni tó bá ṣì í, etí rẹ̀ gbé.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, fẹ́ wá mú mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún họlidé. Ìkọ́kọrẹ́ ti ń ta sánsán nímú mi láti Agric! Bàbá mi ní bí n kò bá ka ver já, n kò ní lọ. Mo kọjú sí ògiri, mo ń pariwo ẹ̀ lọ. Bí Màmá ṣe gbé ẹja yíyan wọlé nìyẹn.

"Ta ló wà nílé?"

"Wèrè!"

Yéè! Màmá dúró gbagidi. "Èmi Àlájà? Ó dáa. Mò ń padà sí Ẹ̀pẹ́, ẹ máa tọ́jú ọmọ yín."

Mo fi ara gbolẹ̀, mo ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bàbá mi sáré bá a ní ìta, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, ẹ má bínú. Látìn ni. Nígbà ewé tuntun ló ń jẹ́."

"Nígbà àkọ́rọ̀ òjò nìyẹn. Kí ló wá ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń bú u?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú, ó sì mú mi lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń fi mí sínú mọ́tò padà sí Ìkòròdú, á pariwo láàárín gáràjì pé, "Ó di wèrè o!", ìyẹn ni pé ó di àkọ́rọ̀ òjò ká tó tún ríra. Àwọn èrò á máa wò wá tìfuratìfura.

Lóde òní, fóònù ló ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ fún àwọn ọmọ mi, kò sì sẹ́ni tó ń fa etí wọn nítorí ìrù ọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, etí ọ̀tún mi ṣì gùn ju tòsì lọ. Ṣùgbọ́n Màmá ti lọ. Ní gáràjì Ẹ̀pẹ́, "ó di wèrè" náà ló sọ fún mi kẹ́yìn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti kan páànù, mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá ní, "Màmá, wèrè ti dé o!" Àwọn ará àdúgbò á yọjú wá wo ẹni tí mò ń bú. Ẹni tí mo fẹ́ kó bèèrè ta ló wà nílé ni kò yọjú.